Ẹwà Ọkọ̀ Coupe àti Ohun Tí Wọ́n Fi Rà Á

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń gbọ́ níbi yìgì àti ìṣílé ní Ìlọrin, pàápàá ní GRA àti Tanke, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tọ́wọ́ wọn ti ń tẹ ohun tó dára máa ń gbé ọkọ̀ ilẹ̀kùn méjì wá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní coupe. Ẹni tí wọ́n bá ní kó wọ ẹ̀yìn á ká ara rẹ̀ kò, á forí gbá òrùlé, á wá béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, owó ọkọ̀ yìí mà tó kọ́lé. Ṣé àwọn tó ṣe é ò mọ̀ pé èèyàn máa jókòó síbí ni?" Ẹlòmíràn á ní kí ló dé tí Camry àtijọ́ kì í fi àyà gbá bọ́mpù, tí ọkọ̀ olówó gọbọi yìí sì ń gbá a.

Wọ́n mọ̀. Kò sí ìlà kan lára coupe tó wù yín tí wọn ò jókòó jiyàn lé lórí kó tó di irin. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní àwọn tó ń ya ìrísí ọkọ̀, ó sì ní àwọn ẹ́ńjíníà. Àwọn ayàwòrán fẹ́ kí ọkọ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí bọ́nẹ́ẹ̀tì gùn, kí òrùlé ṣàn wálẹ̀, kí táyà kún abẹ́ fẹ́ńdà. Àyè ni ẹ́ńjíníà ń wá: àyè fún ẹ́ńjìnnì, fún orí èèyàn, fún ṣọ́ọ̀kì láti lọ sókè sódò, fún atẹ́gùn láti kọjá. Ibi tí ọ̀kan bá ti jèrè, èkejì ti pàdánù níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ ilẹ̀kùn mẹ́rin tí wọ́n ṣe fún ìdílé, ẹ́ńjíníà ló sábà máa ń borí. Nínú coupe, ayàwòrán ni, torí pé ẹwà ni wọ́n ń tà. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Kwara gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ́ńjíníà ti fi nǹkan sílẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀nà tiwa ló wà lọ́kàn wọn nígbà tí wọ́n ń jiyàn yẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú òrùlé ṣáájú. Òrùlé tó ga lórí awakọ̀, tó wá ń rọra sọ̀kalẹ̀ títí dé orí búùtù, ni a fi ń dá coupe mọ̀ lókèèrè. Ó dùn ún wò, ó sì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, torí pé atẹ́gùn tó bá rọra tẹ̀lé òrùlé wálẹ̀ kì í fa ọkọ̀ sẹ́yìn tó èyí tó já bọ́ lójijì. Mercedes-Benz E-Class Coupe tó jáde ní 2009, tí nọ́ńbà irú rẹ̀ ń jẹ́ C207, ní ìwọ̀n ìfàsẹ́yìn atẹ́gùn 0.24 nínú èyí tó la atẹ́gùn jù nínú wọn. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré sí ni ọkọ̀ ṣe ń rọrùn fún atẹ́gùn láti gbà kọjá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán o. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń ta kò ó á di ìlọ́po mẹ́rin, ẹni tó ń rìn lọ sí Èkó tàbí Àbújá á sì rí ìyàtọ̀ rẹ̀ nínú epo. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn ló san owó rẹ̀, torí ibi tí òrùlé ti ń sọ̀kalẹ̀ gan-an ni orí rẹ̀ wà.

Ohun kan tún wà nípa C207 yìí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gùn ún ò mọ̀. E-Class ni wọ́n kọ sí i nídìí, ojú E-Class ló sì ní, ṣùgbọ́n orí ìpìlẹ̀ C-Class, àbúrò E-Class tó kéré jù ú lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní W204, ni wọ́n kọ́ ọ lé. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra ohun èlò ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì, sípíríǹgì àti àwọn irin tó di táyà mú, ẹ má kàn sọ fún oníṣòwò pé "ẹ bá mi mú ti E-Class". Nọ́ńbà sáàsì ni kí ẹ fi wá a. Owó tó ń ṣòfò lórí àṣìṣe yìí kò kéré, kì í sì í ṣe ẹ̀bi mẹkáníìkì nígbà gbogbo.

Ní 2004, Mercedes gbé CLS jáde. Wọ́n fi ilẹ̀kùn méjì kún coupe kí ará ẹ̀yìn lè rọ́nà wọlé, wọ́n sì fi òrùlé sílẹ̀ bó ṣe ń ṣàn wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló tẹ̀lé wọn lẹ́yìn náà. Ẹ gbé Àlájà tó wé gèlè tó le sẹ́yìn CLS, ẹ ó rí i pé ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ òrùlé yìí ló sì gbé ìtàn tó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ mọ̀ jáde, ìyẹn ti Audi TT. Kì í ṣe ọkọ̀ àwọn olówó ńlá bíi Bentley, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣàlàyé ìjà ayàwòrán àti ẹ́ńjíníà tó o. Ó jáde ní 1998, ayé sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ó rí roboto níwájú, ó rí roboto lẹ́yìn, kò sí ohunkóhun tó yọ gọnbu lára rẹ̀. Ìrísí ọkọ̀ àfihàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1995 ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà kó tó di ọkọ̀ títà, ohun tó sì mú kó wu èèyàn nìyẹn.

Wàhálà wà nínú ìdí roboto yẹn. Atẹ́gùn tó bá ń kọjá lórí ohun tó tẹ̀ kọrọdọ máa ń yára, ibi tí atẹ́gùn bá sì ti yára, agbára tó fi ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ máa ń dín kù. Ohun kan náà ló ń gbé bàálù kúrò nílẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú Ìlọrin. Lórí TT, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó ń fẹ́ gbé. Ní ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà márosẹ̀ wà ní Jámánì tí kò sí ẹni tó ń dá èèyàn dúró nítorí eré sísá. Bí àwọn awakọ̀ bá sáré kọjá 180 kìlómítà ní wákàtí kan, tí wọ́n bá yà lójijì, tàbí tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù láàárín kọ́nà, táyà ẹ̀yìn tí ìwúwo rẹ̀ ti dín kù ò ní lè di ilẹ̀ mú mọ́, ọkọ̀ á sì yí po. Ẹ̀mí ṣòfò.

Ní ìparí 1999, Audi kéde pé kí àwọn tó ti rà á gbé e padà wá. Wọ́n fi pèpéle tẹ́ẹ́rẹ́ kan, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní spoiler, sí orí búùtù rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ àwọn nǹkan kan lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, wọ́n tún fi ESP sí i. ESP yìí ni ẹ̀rọ tó ń dá mú bíréèkì táyà kan ṣoṣo nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yí kúrò lójú ọ̀nà tí awakọ̀ kọ ojú rẹ̀ sí. Pèpéle tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ba ìrísí roboto tí àwọn ayàwòrán fi ọdún púpọ̀ dáàbò bò jẹ́, kò sì sí TT tí wọ́n tún tà láìní in lẹ́yìn ìgbà náà. Lójú tèmi, èyí tó ní spoiler ló lẹ́wà jù, torí mo mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ rántí èyí nígbà tí páńẹ́ẹ̀lì bítà bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun yọ spoiler kúrò kí búùtù lè mọ́ lójú. Kì í ṣe gbogbo spoiler ló ń ṣiṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ lẹ́bàá títì ò ju ọ̀ṣọ́ lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀nà tó gbòòrò láti Ìlọrin lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ń mú kí èèyàn sáré ju bó ṣe rò lọ.

Ilẹ̀kùn ló wá kàn, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro coupe sì ti ń yọ jù nílùú wa. Nínú ọkọ̀ ilẹ̀kùn mẹ́rin, òpó kan dúró láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn. Òpó náà ló gbé òrùlé ró, òun ni bẹ́líìtì so mọ́, òun ló sì ń gba ìyà bí ọkọ̀ mìíràn bá wá kọlu ẹ̀gbẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Mercedes ti ń yọ òpó yìí kúrò láàárín gíláàsì àwọn coupe rẹ̀ ńláńlá, kó lè jẹ́ pé bí gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sọ̀kalẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ á ṣí sílẹ̀ gbayawu láti iwájú dé ẹ̀yìn. BMW 8 Series tí wọ́n fi hàn ní 1989 náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú páálí kan, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá fọwọ́ méjèèjì lọ́ ọ. Bí ara ọkọ̀ ṣe máa rí nìyẹn tí òpó àárín ò bá sí. Ẹ́ńjíníà á wá fi irin tó le sí abẹ́ ilẹ̀kùn, sí ilẹ̀ ọkọ̀, sí òpó tó di gíláàsì iwájú mú. Ìdí nìyẹn tí coupe kan fi lè wúwo bí ọkọ̀ ilẹ̀kùn mẹ́rin tàbí jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn díẹ̀ ló ń gbà.

Bẹ́líìtì náà ò wá ríbi rọ̀ mọ́ nítòsí èjìká awakọ̀, ó di ẹ̀yìn pátápátá. Ẹ ti lè rí apá kékeré kan tó máa ń yọ jáde nínú E-Class Coupe, tó ń na bẹ́líìtì sí awakọ̀ bó bá ti ti ilẹ̀kùn. Afẹ́ kọ́. Ọ̀nà tí ẹ́ńjíníà gbà tún ohun tí òpó tí kò sí bàjẹ́ ṣe nìyẹn.

Ẹ wá wo gíláàsì ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Kò ní férémù irin lókè, torí férémù á ba ìlà òrùlé jẹ́. Ẹ fa ọwọ́ ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, kí ẹ tẹjú mọ́ orí gíláàsì: á kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, bí ìbú ìka ọwọ́, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Bí ẹ bá tì í padà, á tún gòkè, á wọ inú rọ́bà etí òrùlé. Iṣẹ́ tí férémù irin ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ti wá di iṣẹ́ mọ́tò, wáyà àti bátìrì. Bí bátìrì bá kú, gíláàsì ò lè sọ̀kalẹ̀, inú rọ́bà ló máa wà. Bí ẹnì kan bá wá fi agbára já ilẹ̀kùn ṣí, rọ́bà á ya tàbí gíláàsì á fọ́. Nígbà ọyẹ́, eruku Ìlọrin tó kúnná bí àtíkè á wọ inú rọ́bà yẹn, gíláàsì ò ní wọlé dáadáa mọ́, ariwo atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí òjò àkọ́kọ́ bá dé ní oṣù kẹrin, omi á dà sórí àga.

Àbójútó rẹ̀ ò le. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi máa nu rọ́bà náà lóòrèkóòrè lásìkò ọyẹ́, kí ẹ sì fi òróró sílíkónì pa á, kì í ṣe gírísì. Bí wọ́n bá yọ bátìrì tí wọ́n sì dá a padà, gíláàsì máa ń gbàgbé ibi tó yẹ kó dúró. Nínú ọ̀pọ̀ Mercedes, bí ẹ bá fa bọ́tìnnì gíláàsì sókè títí tó fi tì, tí ẹ sì di bọ́tìnnì náà mú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí i, á tún mọ ibẹ̀. Mo ti rí ẹni tí riwáyà sọ fún pé, "Bọ̀dá, mọ́tò yìí ti jóná, ẹ lọ ra òmíràn," nígbà tó jẹ́ pé bọ́tìnnì yẹn nìkan ni kò sẹ́ni tó di mú. Ìyà kékeré kọ́ ni láti máa wá mọ́tò gíláàsì coupe kiri.

Ilẹ̀kùn náà tún gùn ju ti ọkọ̀ ìyókù lọ, kí ará ẹ̀yìn lè ríbi gbà wọlé. Ẹ gbé e lọ sí Ọjà Ọba lọ́jọ́ ọjà, ẹ ó mọ̀ pé àyè tí ẹ fi páàkì kò tó èyí tí ẹ ó fi sọ̀kalẹ̀.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ibi tí ìjà ti gbóná jù nílé iṣẹ́. Àwọn ayàwòrán fẹ́ kó gùn, kó sì lúgọ sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ńlá wà lábẹ́ rẹ̀, orí ṣọ́ọ̀kì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, òfin sì tún wà lókè gbogbo rẹ̀. Láti 2005 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí àwọn ọkọ̀ tuntun máa ro ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn: bí ọkọ̀ bá gbá a, tí orí rẹ̀ bọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àyè gbọ́dọ̀ wà láàárín páànù bọ́nẹ́ẹ̀tì àti irin ẹ́ńjìnnì kí páànù lè tẹ̀ kó gba orí náà. Àyè yẹn máa ń gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè. Jaguar ò gbà kí bọ́nẹ́ẹ̀tì XK tí wọ́n gbé jáde ní 2006 ga, torí náà wọ́n fi ẹ̀rọ sí i tó ń lo ìbúgbàù kékeré bíi ti ẹ́ábáàgì. Bó bá mọ̀ pé òun ti gbá èèyàn, á ta ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè kí ẹni náà tó balẹ̀ sórí rẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tuntun sí i lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ irú rẹ̀ sì yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti ta rí.

Èyí tí mo kà sí iṣẹ́ tó péye jù ni ti Lexus LC. Ní 2012, wọ́n gbé ọkọ̀ àfihàn kan tó ń jẹ́ LF-LC lọ sí Detroit ní Amẹ́ríkà. Àwòrán lásán ni, wọn ò tíì rò ó pé àwọn máa tà á. Àwọn èèyàn rí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ bó ṣe rí yẹn. Koji Sato tó jẹ́ olórí ẹ́ńjíníà rẹ̀ àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wá rí i pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ní nílẹ̀ ò lè wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó lúgọ bẹ́ẹ̀. Dípò kí wọ́n gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, wọ́n ṣe ẹsẹ̀ iwájú tuntun fún un. Wọ́n ṣe iná iwájú rẹ̀ ní kékeré kí imú ọkọ̀ lè kúrú. Wọ́n sì ti ẹ́ńjìnnì V8 onílítà márùn-ún rẹ̀ sẹ́yìn, ó kọjá ẹsẹ̀ táyà iwájú, kí ìwúwo má bàa kórajọ sí imú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 2017, ó sì jọ ọkọ̀ àfihàn náà gan-an. Sato fúnra rẹ̀ di ọ̀gá àgbà Toyota ní 2023. Owó àti àkókò ni wọ́n fi yanjú ìjà náà, kì í ṣe pé wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kan du èkejì. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni kì í ní sùúrù yẹn.

Ibì kan tún wà tí ayàwòrán àti ẹ́ńjíníà ti fohùn ṣọ̀kan, ìyẹn ibi tí táyà iwájú máa wà. Bí táyà iwájú bá jìnnà sí ilẹ̀kùn, ọkọ̀ á ní ìdúró. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá gbé gbogbo ara rẹ̀ síwájú táyà, imú á gùn, ọkọ̀ ò sì ní fẹ́ yà ní kọ́nà. Audi tún inú jíà ṣètò nínú A5 tó jáde ní 2007, táyà iwájú sì sún síwájú ní nǹkan bí mílímítà 154. Bentley Continental GT tó dé ní 2018 náà sún tirẹ̀ síwájú ní mílímítà 135 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fún àwa tó ń kọjá lórí bọ́mpù tí aládùúgbò fúnra rẹ̀ mọ, imú tó kúrú túmọ̀ sí pé bọ́mpà ò ní máa ha ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ká wá sọ ti táyà, èyí tí mo bínú sí jù. Rííìmù ńlá máa ń jẹ́ kí ara ọkọ̀ dà bí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà kò sí ayàwòrán tí kì í fi rííìmù ńlá sínú àwòrán rẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táyà. 205/65R15, èyí tó wà lára Camry tó jáde láàárín 1997 sí 2001, túmọ̀ sí pé táyà náà fẹ̀ ní mílímítà 205, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn, tó jẹ́ mílímítà 133. 255/35R18 tó wọ́pọ̀ lẹ́yìn coupe Benz ní ẹ̀gbẹ́ mílímítà 89 péré. Mílímítà 89 rọ́bà ló wà láàárín irin rííìmù yín àti kòtò ọ̀nà Ajaṣẹ́-Ìpo sí Òmù-Àrán lásìkò òjò, nígbà tí omi ti bo kòtò lójú. Atẹ́gùn inú rọ́bà yẹn ló kọ́kọ́ ń gba ìgbájú kòtò kó tó dé ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀kì. Bí kò bá tó, rííìmù á tẹ̀ tàbí kó là, àwọn fọkanáísà sì mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọ̀pọ̀ coupe ni kò sì ní táyà ẹ́sítírà, torí búùtù ò láyè. Lexus SC430 tó jáde ní 2001 ló burú jù níbẹ̀: òrùlé irin rẹ̀ ń ká wọ inú búùtù, báàgì kan ni ẹ ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbé síbẹ̀. Dípò táyà ẹ́sítírà, àwọn kan ń lo táyà tó lè rìn láìní atẹ́gùn, tó sábà máa ń gbé ọkọ̀ dé ọgọ́rin kìlómítà bí ẹ ò bá kọjá ọgọ́rin ní wákàtí kan. Ìyẹn gbé yín láti Ìlọrin dé Ọ̀fà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ táyà bẹ́ẹ̀ le koko, ìdí yín á sì máa ka gbogbo òkúta ọ̀nà.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi du ẹwà, èyí nìkan ni ẹ lè fọwọ́ ara yín dá padà. 225/45R17 fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà pẹ̀lú 255/35R18 láti ilẹ̀ dé òkè, nítorí náà mítà eré ò ní máa parọ́, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 101. Ẹ má lọ kéré ju rííìmù tó kéré jù tí ilé iṣẹ́ fi sí irú ọkọ̀ yẹn lọ, kí ó má bàa ha bíréèkì, kí ẹ sì rí i pé táyà náà lè gbé ìwúwo ọkọ̀. Àwọn tó tún ń gé sípíríǹgì kí coupe lè lúgọ sí i, mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n jáwọ́. Àyè tí ẹ́ńjíníà fi ìjà gbà fún ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n ń gé dànù.

Bí ẹ bá wá fẹ́ rà á, ẹ mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì àti jíà coupe kì í sábà ṣòro láti rí, torí ọkọ̀ ilẹ̀kùn mẹ́rin tó pọ̀ nílẹ̀ yìí ń lo irú wọn. Gíláàsì ilẹ̀kùn, gíláàsì kékeré ẹ̀yìn àti rọ́bà etí òrùlé ló ń ṣòro, torí coupe nìkan ló ń lò wọ́n. Mercedes fúnra rẹ̀ ti dín irú ọkọ̀ yìí kù: ní 2023, CLE kan ṣoṣo ló rọ́pò coupe C-Class àti ti E-Class. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, kí wọ́n sì tì wọ́n padà lójú yín, kí ẹ rí i pé gíláàsì wọ inú rọ́bà láìdúró lọ́nà. Kí ẹ wá ní kí wọ́n da garawa omi sí etí òrùlé nígbà tí ẹ jókòó sínú rẹ̀, nítorí ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ta èyí tó ń jò.